Ìwé Kìíní Tí Mo Fọwọ́ Sí

Bí mo bá gbọ́ òórùn àgbọn tí wọ́n sá sóòrùn, ohùn Tíṣà Délé ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi létí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń sá àgbọn ló ti kọ́ wa níwèé, lábẹ́ igi fúrúùtù ìyá ọkọ mi, ní abúlé wa tó wà láàrin Igbó Ẹfọ̀n àti Ajah. Nígbà náà, iyanrìn àti àgbọn ló kún gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó bá rí mọ́tò á sọ ọ́ fún aládùúgbò. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń jókòó, àwa àgbà mọ́kànlá, a ó gbé pátákó dúdú ti ìdí igi. Mo lè ka orúkọ gbogbo wa títí di òní, láti orí Sàlámì apẹja dé orí Mùníná tó ń ta iyọ̀. Èmi àti Mùníná nìkan ló kù lókè eèpẹ̀.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá ni Tíṣà mú ìwé pẹlẹbẹ kan dé láti káńsù. Ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ló wà nínú rẹ̀, lédè Yorùbá, bí òfin tuntun ṣe là á kalẹ̀. Ó ní ká máa fi kọ́ ìwé kíkà. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba A, B, D já, ńṣe ni mo gbé ìwé náà mì bí ẹni gbé ẹ̀kọ mímu. Bí mo bá ń lọ ata, mo ń kà á lórí: “A kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn ṣẹ̀. Ẹni tí a bá mú, kíákíá ni kí a gbé e dé iwájú adájọ́.” Ọkọ mi, Bàbá Sìkírù, tó ní ojú òun ò gba kíláàsì, a máa fi mí rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Sìkírù, ìwé yín ò sọ nǹkan tuntun o. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Bàbá mi ò mọ A, ó mọ ìyẹn.”

Mo ní, “Ti ọba nìyẹn. Èyí, ìjọba ló kọ ọ́.”

Ẹ wo ẹnu mi! Bíi pé ohun tí ìjọba bá kọ, òjò ò lè pa á. Mo da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú ìwé mi, Tíṣà fi bírò pupa sàmì sí i, ó kọ “Ó dára púpọ̀” sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ilé ni mo fi hàn. Díẹ̀ ló kù kí n fi han ewúrẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé Tíṣà ga, ó di akọ̀wé àgbà ní káńsù. A yọ̀ fún un. Adìyẹ méjì ni mo gbé lọ kí i. Láìpẹ́ sí i, àwọn awọnlẹ̀ ìjọba dé, wọ́n ń ri pílà, òpó kékeré onísìmẹ́ǹtì, mọ́ inú oko àgbọn wa láìbi ẹnikẹ́ni. Àbúrò ọkọ mi hú mẹ́ta lọ́sàn-án gangan, ó kó wọn dà sínú ọ̀sà. Nígbà tó gbọ́ pé ọlọ́pàá ń bọ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di ọ̀nà Ẹ̀pẹ́.

Gbogbo abúlé ní kí ọkọ mi náà yẹra. Sàlámì ti mú àjẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ. Àwọn wọ̀nyí, bí wọn ò bá rí ajá, ewúrẹ́ ni wọ́n ń so.” Èmi ni mo dí wọn lọ́nà. Mo mú ìwé mi jáde, mo kà á sí wọn létí. Mo ní ẹni tó bá sá ló jẹ̀bi. Mo ní kí a fẹsẹ̀ ara wa rìn dé tẹ́ṣàn, kí a lọ ṣàlàyé. Ọkọ mi wò mí tìtì.

“Ṣó dá ọ lójú?”

“Ó wà nínú ìwé.”

Ó wẹ̀, ó wọ dàńṣíkí rẹ̀ tó dáa jù, ó tẹ̀lé mi.

Sájẹ́ǹtì tó wà nídìí tábìlì bi mí ní orúkọ àbúrò ọkọ mi. Mo ní Agùntáṣọọ́lò. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Èyí tí mo fún un ni mo ń pè.

“Ṣé orúkọ nìyẹn, Màmá? Ẹ ń bá mi ṣeré ni?”

“Òun ni mo ń pè é, sà. Ó ga, aṣọ sì ń yẹ ẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọkọ mi bọ́ fìlà àti bàtà. Mo ní kí ló ṣe? Ó ní títí àbúrò rẹ̀ yóò fi dé ni. Mo ṣí ìwé mi, mo kà á fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

“Màmá, ẹ lọ kà á fún akọ̀wé káńsù. Àwọn ló ní ká mú ẹni tí a bá bá nílé.”

Mo rò pé irọ́ ló ń pa. Mo sáré dé ọ́fíìsì Tíṣà. Ó fún mi ní àga, ó bi mí nípa àwọn ọmọ. Mo ṣí ìwé síwájú rẹ̀, níbi bírò pupa. Ó kà á bí ẹni tí kò rí i rí.

“Ìyá Sìkírù, ọwọ́ ìkọ̀wé yín ti dára sí i.”

“Tíṣà, ọkọ mi kọ́ ló hú pílà.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ wá ní kí wọ́n tì í mọ́lé?”

“Ẹ mú àbúrò wá, kí ẹ mú ẹ̀gbọ́n lọ. Ẹ̀tọ́ nìyẹn. Ṣé ìjọba ló máa pàdánù pílà, tó tún máa wá ẹni tó hú u kiri ọ̀sà?”

“Èyí tí ẹ kọ́ wa ńkọ́?”

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. “Ìwé kíkà ni mo kọ́ yín. Ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kà.”

Kò pariwo, kò bínú, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Kò fìgbà kan rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kan òun. Bí a ṣe ń fi “Ajá ń gbó” kọ́ ọmọ ní ilé tí kò sí ajá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi ẹ̀tọ́ kọ́ wa.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ọkọ mi fi sùn lórí sìmẹ́ǹtì tútù. Kò rí adájọ́ kankan. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ láàárọ̀, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀. Ní ogúnjọ́, Tíṣà ránṣẹ́ pè mí sí tẹ́ṣàn. Ìwé kan wà lórí tábìlì: pé Bàbá Sìkírù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, pé kò sí ẹni tó mú un, pé a kò ní ẹjọ́ kankan bá ìjọba rò. Bí mo bá fọwọ́ sí i, kí èmi àti ọkọ mi máa lọ sílé. Sájẹ́ǹtì ti ń sún tàdáwà sọ́dọ̀ mi kí n wá tẹ̀ka. Tíṣà ní, “Rárá o. Ìyá Sìkírù mọ̀wé. Èmi ni mo kọ́ wọn.” Ó fún mi ní bírò tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí mi lóòótọ́.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ sì yé mi. Ká ní n kò mọ̀wé ni, ǹ bá lè sọ pé wọ́n tàn mí. Mo kọ orúkọ mi àti ti bàbá mi, mo fi gbogbo àmì sí i.

Ọkọ mi ò bá mi jà. Bí a ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ nínú iyanrìn, ó kàn ní, “Kí lo kọ síbẹ̀?” Mo ní orúkọ mi. Ó ní, “O ṣeun.” Ikọ́ náà ò lọ mọ́. Nígbà òjò ọdún kejì, a sin ín. Agùntáṣọọ́lò dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́bàá sàréè, kò sì lè wo ojú mi mọ́ títí òun náà fi kú. Mo sọ fún un pé òun kọ́. Èmi tí mo gba ìwé gbọ́ ni mo mú ọkọ mi lọ fún wọn. Tíṣà náà wá kí mi kú ọ̀fọ̀. Ó mu omi, ó bi mí bóyá mo ṣì ń kàwé.

Ilé alájà ló wà lórí oko àgbọn náà báyìí. Láìpẹ́ yìí, Sìkírù mú mi lọ ṣí àkáǹtì ní báǹkì kan ní Lẹ́kkí. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ na bírò sí mi, mo ní kó mú tàdáwà wá. Ó fi àánú wò mí, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá, n ò mọ̀ pé ẹ ò lọ sílé ìwé.” Sìkírù fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo na àtàǹpàkò mi, ọmọ náà sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń wo ìka mẹ́ta tí mo fi mú bírò lọ́jọ́ náà; ọba kankan ò béèrè wọn. Àwọn náà ni mo fi kọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ má wá orúkọ mi nísàlẹ̀ rẹ̀.