Ọjọ́ tí Orúkọ Bọ́lá Kò Sí Nínú Ìwé

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin Jàmáíkà tí ọmọ mi, Bọ́lá, wà nínú rẹ̀ fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé àwo orin wọn àkọ́kọ́. Rédíò Atlanta ti ń gbé wọn sáfẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n n kò fọkàn tán Winston, olórí wọn. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó fẹ́ ṣe àwo náà ní Tucker, ìlú kan lẹ́bàá Atlanta.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀wé kà, nítorí náà mo rọra fìka tọ ìwé náà. Orúkọ mẹ́ta ni mo rí. Ti Bọ́lá kò sí.

"Winston, mo mọ̀ pé olè ni ọ́!"

Winston gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó sì fà á ya lójú ọ̀gá iléeṣẹ́ náà. "Àwa mẹ́rin là ń kọrin."

Báyìí ni àwo náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú mọ́tò, bí mo ṣe ń wa èmi àti Bọ́lá lọ sílé, mo yíjú sí i, mo ní, "Má bínú."

"Daddy, ẹ wojú ọ̀nà."

Láti ọjọ́ náà, bí Winston bá wá sílé wa, èmi fúnra mi ni mo ń bu oúnjẹ rẹ̀.