Ìtẹ̀bọmi Màmá Àgbà nínú Omi Òtẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ṣì ń rú mi lójú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, n ò sì kàwé jìnnà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Sátidé kọjá agbára èmi nìkan.

Ọ̀dọ̀ Màmá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ni mò ń gbé ní Sabon Gari, ní Kánò níbí. Mílíìkì àti ṣúgà ni wọ́n ń tà lọ́jà tẹ́lẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á jí láàárọ̀, wọ́n á ní àwọn ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí a ti tà tipẹ́.

Bùọ̀dá Délé, àkọ́bí wọn tó ń gbé ní Zoo Road, wá ní òun á kó wọn lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí oṣù tó parí. Màmá ní ta ni àwọn fẹ́ bá níbẹ̀? Gbogbo ẹni tí àwọn mọ̀ nílé ti sùn. Kánò ni àwọn bímọ sí, Kánò náà ni àwọn fẹ́ kú sí.

Nọ́ọ̀sì kan ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní eré ìdárayá inú omi dáa fún àwọn ìyá àgbà, pé omi á gbé wọn ró kí orúnkún má dùn wọ́n, ẹ̀jẹ̀ á sì máa rìn dáadáa dé ọpọlọ. Ó ní kì í ṣe pé ó ń wo ìgbàgbé sàn o, ó kàn lè ran ọpọlọ lọ́wọ́ ni. Òtẹ́ẹ̀lì kan ládùúgbò wa sì ń gba àwọn ìyá láàyè nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ wọn láàárọ̀ Sátidé.

Mo bẹ Bùọ̀dá. Wọ́n ní kò burú, àwọn á wá fojú ara àwọn wò ó. Bí Màmá bá ṣe dáadáa, kí wọ́n dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Màmá ò wọ aṣọ tí mo kó sílẹ̀ fún wọn. Búbá funfun àti ìró funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi gèlè funfun wérí. Mi ò bi wọ́n léèrè. Ta ni mí?

Kóòṣì tó ń darí eré náà, ọmọ Igbo kan tó ní sùúrù, ti dúró nínú omi tó mú un dé àyà. Ó na ọwọ́ sí Màmá, ó mú wọn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá bi wọ́n pé, "Mama, you don ready?"

Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, tọkàntọkàn ni àwọn fi ṣe tán. Wọ́n ká ọwọ́ lé àyà, wọ́n dijú, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ṣubú sínú omi. Omi bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹ gbà mí! Mo bẹ́ sínú omi tòun ti bàtà, èmi tí n kì í lè dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n sọ orúkọ mi. Kóòṣì ti gbá wọn mú kí n tó dé ibẹ̀. Màmá gbérí sókè, wọ́n nu ojú, wọ́n bú sí orin. Onítẹ̀bọmi ni wá, ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe é: pásítọ̀ á bi ọ́ léèrè nínú omi, wàá dáhùn, á sì tẹ̀ ọ́ rì.

Ìyá kan tó wà nínú omi rẹ́rìn-ín títí. "Mama, na exercise o, no be baptism."

Bùọ̀dá, tó ń wò wá létí omi, ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mo ti rí i báyìí, pé Màmá ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí.

"Mo mọ̀ pé òtẹ́ẹ̀lì ni, Délé," Màmá dáhùn látinú omi. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n tẹ àwọn bọmi lọ́mọdébìnrin, odò náà tutù, eyín àwọn ń gbá ara wọn, àwọn ò gbọ́ ohun tí pásítọ̀ bi àwọn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ti ń wá omi tí àwọn á ti dáhùn dáadáa.

Ṣé òótọ́ ni? Àbí wọ́n kàn fi bo ara wọn láṣìírí ni? N ò mọ̀.

Bùọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi, wọ́n rọra béèrè pé, "Màmá, kí lorúkọ mi?"

"Tí o bá ti gbàgbé orúkọ rẹ, lọ bi ìyàwó rẹ."

Gbogbo àwọn ìyá inú omi bú sẹ́rìn-ín, Bùọ̀dá pẹ̀lú. Màmá kọjú sí kóòṣì, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ bí àwọn yòókù ṣe ń gbé e, wọn ò ṣì í. Bùọ̀dá ní ká fi ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ ná.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún. Èmi àti Màmá wọ kẹ̀kẹ́, à ń lọ sílé. A ò tíì rìn jìnnà tí Màmá fi fọwọ́ kan irun wọn, wọ́n wò mí.

"Ọmọ mi, níbo la lọ tí irun mi fi tutù?"

Mo ní inú omi la lọ, Màmá.

"Ó dáa. Ara mi fúyẹ́. Ṣé a ó tún lọ?"

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí a má fi ìdáhùn kan ṣoṣo wọn ọpọlọ àgbàlagbà. Wọ́n lè mọ̀ nísinsìnyí, kí wọ́n má mọ̀ mọ́ láìpẹ́, kí ara sì tù wọ́n nínú méjèèjì. A ó tún lọ. Èyí dá mi lójú.

Ṣùgbọ́n ṣé kí n sọ ọ̀rọ̀ inú kẹ̀kẹ́ fún Bùọ̀dá? Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílé, ṣé ẹ ti mú wọn wọ omi rí? Kí lẹ rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí fún mi. Bùọ̀dá á pè mí lọ́la láti béèrè bí Màmá ṣe wà, n ò sì tíì mọ ohun tí màá wí.