Hítà Inú Yàrá Waliyat

Bí ọyẹ́ bá ti dé, ọkàn Sìdí kì í balẹ̀ mọ́. Waliyat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù ló sì máa ń dá eegun rẹ̀ lóró jù. Áyọ́ọ̀nù ni Sìdí ń tún ṣe ní Bẹẹrẹ. Ó wá hítà tòkunbọ̀ kan rí, àmọ́ hítà náà kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Yàrá á gbóná bí ààrò, ọmọ á máa làágùn. Bí wọ́n bá sì pa á, òtútù á tún wọlé.

Sìdí bá tú ohun tó ń dá iná dúró nínú ògbólógbòó áyọ́ọ̀nù kan: irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tó máa ń tẹ̀ bí ooru bá kàn án. Ó yí síkúrúù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń já iná ní kété tí yàrá bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó so ó mọ́ wáyà hítà, ó fi í sínú ike bọ́tà tó dá ihò sí lára, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Ooru tó, iná lọ; òtútù dé, iná dé. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, Waliyat kò sunkún. Inú Sìdí dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín nìkan ní ṣọ́ọ̀bù.

Alájì Gàníyù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí agbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì, wá wò ó. Ó yáná tẹ́rùn, ó wá ní òtútù ń bá òun náà jà, kí wọ́n gbé hítà náà wá fóun. Àtọ́kẹ́, ìyá Waliyat, ń ṣẹ́jú sí ọkọ rẹ̀ pé kó sọ̀rọ̀. Ta ló ń sọ pé rárá fún Alájì? Sìdí gbé hítà tòun ti ike, ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ìyà ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Kò pẹ́ tí Alájì fi ní ẹ̀rọ náà ń kú láìnídìí. Ó ní kí oníwáyà kan yọ ike kúrò, kó so iná pọ̀ tààrà. Hítà gbóná títí ó fi jó. Alájì dá òkú rẹ̀ padà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé Waliyat dé ọsibítù, tí kò lè gbé apá. Alájì gbé ọsàn wá, ó ṣàdúà gígùn, ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀.

“Sìdí, nǹkan tóo ṣe yẹn ò dáa. Ó kàn ń kú fúnra ẹ̀ ni. Má ṣe irú ẹ̀ mọ́.”

Sìdí kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí kò ṣe kórìíra ẹnikẹ́ni rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì.

“Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á dá yín sí.”

Waliyat wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri.