Irun Àdúmáadán

Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó ń bẹ ẹṣin kó tó fà á nírun, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń tọ́jú ẹṣin fún ọ̀gá rẹ̀, òun náà ló sì ń fa irun wọn ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn ìran wà lára ẹṣin. Fífà ni o, kì í ṣe gígé. Ìdí irun, tó ń ti inú awọ bọ̀, ni àyẹ̀wò ń lò. Irun gígé ò wúlò fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ gbogbo àwọn tó kù nílé ẹṣin.

Ìgbà tó wá kan Àdúmáadán, abo ẹṣin tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àdúmáadán ti bímọ, kò sí èyí tó pé ọ̀sẹ̀ kan láyé. Ọ̀gá ti là á mọ́lẹ̀ pé tí àrùn bá wà lára rẹ̀, òun máa gbé e kúrò nílé ẹṣin.

Kí ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe? Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé irun náà, ó dì í sínú àpò ìwé, ó sì ń lọ ní tirẹ̀ bí ẹni tí ò mọwọ́-mẹsẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń gba àpò ìwé wọlé lọ́fíìsì dókítà ẹranko. Ó gbé irun náà síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó, ó sì gbé e padà wá bá bàbá rẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ gé e ni.”

“Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.”

“Ojú yín náà ló rí eṣinṣin lẹ́yìn etí ẹṣin láàárọ̀.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í nu bàtà rẹ̀.

“Tí wọn ò bá mọ̀, wọ́n á tún gbé e fún akọ. Ọmọ méjì lẹ ti sin. Ta ló máa sin ìkẹta?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Inú bí i sí ọmọ rẹ̀, torí pé òótọ́ ló sọ. Ó dìde, ó lọ bá ẹṣin rẹ̀.

“Má bínú, ìyá mi.”

Ó fa ogójì irun, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìdí. Àdúmáadán ò tilẹ̀ mira.

Èsì dé lọ́jọ́ kọkànlá: àrùn wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wá gbé Àdúmáadán, awakọ̀ fà á, kò gbẹ́sẹ̀. Ọ̀gá fà á, kò lọ. Ni wọ́n bá yíjú sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gba okùn lọ́wọ́ wọn, ó rìn wọnú ọkọ̀ láìwẹ̀yìn, ẹṣin sì tẹ̀ lé e.