Ọdún Tí Mo Ta Ìgboyà ní Kútọnu

Mo rántí ìgbà tí mo ń ta ìgboyà ní Cadjèhoun. Wákàtí wákàtí ni mo ń tà á, bí ẹni ń ta omi inú ọ̀rá. Mo ní yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, mo ní tábìlì kan, àga méjì, àti dígí gígùn kan tí mo gbé kọ́ ara ògiri, nítorí dígí ni irin iṣẹ́ mi. Mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: KÓÒṢÌ ÌGBOYÀ. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń balẹ̀ ní pápá ọkọ̀ tó wà nítòsí wa, ògiri á gbọ̀n, dígí á gbọ̀n, àwa tí a dúró níwájú dígí náà á sì máa gbọ̀n nínú rẹ̀. Ẹni tó wá ra ìgboyà á wo ojú mi, bóyá apá kan ẹ̀kọ́ náà ni. Mo máa ń sọ fún un pé apá kan ẹ̀kọ́ ni.

Ibi tí mo ti rí ọjà tí mo ń tà kò jìnnà. Mo jáde ní yunifásítì Calavi, mo wáṣẹ́ títí bàtà mi fi jẹ tán, kò síṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wá mú mi lọ síbi ìpàdé kan, níbi tí ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun ti ń pariwo mọ́ wa láti àárọ̀ dé ọ̀sán pé kò sóhun tí èèyàn ò lè ṣe bó bá ti dá ara rẹ̀ lójú. Nígbà tó parí, mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Mo wá rò ó pé bí ọkùnrin yìí bá lè fi ariwo jẹun, èmi náà lóhùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ká ní ẹnì kan wo ọrùn mi nígbà yẹn ni, ì bá rí i pé èmi tí mò ń kọ́ni nígboyà ò lè sọ fún onílé mi pé òrùlé ń jò. Abọ́ ni mo gbé sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń da omi rẹ̀ nù kí oníbàárà tó dé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀gá onítáyà wọlé. Ọmọ Ṣakété ni, Nàgó bíi tèmi tí mo wá láti Pobè. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù ló ń tà. Ó ga, ó fẹ̀ láyà, ohùn rẹ̀ nìkan tó láti dá ọkọ̀ dúró lójú títì, mo sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó máa ń bá àwọn aṣọ́bodè jiyàn títí wọ́n á fi máa bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Ó jókòó, àga mi ké. Nítorí ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn, ó ń fi ẹ̀yin pè mí, èmi tí ọjọ́ orí mi ò ju ti ọmọ rẹ̀ lọ.

Ó ní, “Kóòṣì, ẹ ṣàánú mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.”

Mo rò pé àìsàn ni, mo fẹ́ ní kó lọ sílé ìwòsàn. Ó ní rárá, gọ́ọ̀fù ni. Wọ́n ti ṣe pápá gọ́ọ̀fù kan lápá etí òkun, gbogbo àwọn tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ti kó lọ síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ilé oúnjẹ ni òun ti ń bá wọn dúnàádúrà. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ tà fún wọn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá irin gbá bọ́ọ̀lù kékeré láti òkèèrè wọnú ihò. Òun ti kọ́ ọ, òun sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti pé, ọwọ́ òun á di omi. Èyí tó sì burú jù ni àna òun, ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun, tó ní ogún ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tí òun gbá lọ́jọ́ kan ò lọ ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì lọ, àna náà tẹjú mọ́ òun, ó ní, “Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?” Ó tún sọ níwájú gbogbo èèyàn pé ọkùnrin tí kò lè dúró síwájú bọ́ọ̀lù tí kò tóbi ju ẹyin ẹtù lọ, báwo ni òun ṣe máa gbé táyà ogún ọkọ̀ lé e lọ́wọ́? Ìdíje kan ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, méjì-méjì ni wọ́n máa gbá a, àna yìí sì ni wọ́n pín mọ́ òun.

Ó bi mí pé, “Ṣé ẹ mọ gọ́ọ̀fù?”

Mi ò rí pápá gọ́ọ̀fù rí ju inú tẹlifíṣọ̀n lọ, níbẹ̀ gan-an, mo máa ń yí i kúrò ni. Mo ní, “Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.” Mo sọ ọ́ láìṣẹ́jú. Inú mi dùn sí bí mo ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́ kejì la lọ sí pápá, ní kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ọ̀gá onítáyà gbá bọ́ọ̀lù kan, ó gòkè, ó dúró díẹ̀ lójú ọ̀run bí ẹni ń wo ìlú, ó sì balẹ̀ pẹ̀lẹ́ lẹ́bàá àsíá tí wọ́n fi sàmì sí ihò. Ó gbá òmíràn, bákan náà. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń bomi rin koríko, ọmọ Kétu ni, ó fi aṣọ wé orí, ó gbé rọ́bà omi lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin méjì kọjá lọ́nà ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n dúró kí wa. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sọ fún mi pé, “Bí ẹnikẹ́ni ò bá wo ọ̀gá yìí, á gbá a bí ẹni ń jẹun. Bí wọ́n bá wò ó, á gbá a bí ẹni tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò ó, ó máa mọ́ ọn lára.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n kò ní ìwé lára ilẹ̀kùn, mi ò sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ẹ̀kọ́ tèmi ni mo gbé kalẹ̀. Láràárọ̀, kó dúró níwájú dígí, kó sọ lẹ́ẹ̀mẹta pé: “Èmi ni mo ni pápá yìí.” Kó ra ẹ̀wù pupa. Kó máa gbé àyà síwájú bó bá ń rìn. Kó má sì fi ọ̀pá wọn afẹ́fẹ́ wò láìkan bọ́ọ̀lù kó tó gbá a mọ́, nítorí ẹni tó ń wọn nǹkan wò ń ṣiyèméjì. Níbo ni mo ti rí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn? Ẹnu mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó gbá bọ́ọ̀lù gidi kan níwájú èèyàn mẹ́ta, ó sì gbá mi mọ́ra níbẹ̀ tó fi gbé ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Mo tún ìwé ara ilẹ̀kùn tẹ̀, mo fi gọ́ọ̀fù kún un. Lóru ọjọ́ náà, mo dúró níwájú dígí mi, mo sì gbà pé ojú mi ti ń jọ ti ẹni ńlá.

Ìgboyà tí mo tà fún un ò ní òdiwọ̀n, àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò jí lọ sí pápá láàárọ̀ mọ́. Ó ní ẹni tó ni pápá kì í lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ó dá olùkọ́ gọ́ọ̀fù gidi tó ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ dúró. Ó ń kọ́ àna rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀pá. Nílé, ó ń kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń se ẹja. Adágún omi kan wà láàárín pápá náà, gbogbo èèyàn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá, nígbà tí bọ́ọ̀lù márùn-ún sì rì síbẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n gbẹ́ omi náà sí ni kò dáa. Ó bi mí léèrè, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, omi náà ló ṣìnà.

Ọjọ́ ìdíje pé. Àwọn èèyàn dúró yí ká, wọ́n wọ aṣọ funfun, ọ̀gá mi nìkan ló pọ́n láàárín wọn bí ata. Nígbà tí wọ́n dé ibi adágún omi, àna rẹ̀ ní, “Jẹ́ ká gba ẹ̀gbẹ́.” Ọ̀gá onítáyà ní orí omi lòun máa gbà. Ó gbá a. A gbọ́ ìró rẹ̀ nínú omi. Ó gbá òmíràn, a tún gbọ́ ìró kan náà. Ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ dé ibi omi náà. Mo rí i tí ìgboyà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń jò lára rẹ̀ bí òrùlé mi. Ó dúró, ó di ọ̀pá mú, kò lè gbé e sókè. Ó wá yíjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn.

“Kóòṣì, ẹ wá. Ẹ sọ nǹkan.”

Mo bọ́ síwájú, mo sọ pé òun ló ni pápá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Àna rẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Ẹni tó ń kọ́ni, kó gbá a ká rí i.”

Mo lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn kan ni, kò gùn. Ṣùgbọ́n ìgboyà ti wọ̀ mí lẹ́wù ju ti oníbàárà mi lọ. Mo gba ọ̀pá. Mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi lẹ́ẹ̀mẹta pé èmi ni mo ni pápá yìí, ó sì dá mi lójú, mo fi Ọlọ́run búra. Mo fi gbogbo agbára mi fì í. Bọ́ọ̀lù náà jókòó síbi tó wà. Mo tún fì í: ilẹ̀ ni mo gbá, odidi ìṣù koríko kan fò sókè, ó sì balẹ̀ sórí bàtà funfun àna náà. Ní ẹ̀kẹta, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí nínú afẹ́fẹ́, ó sì lọ bá àwọn bọ́ọ̀lù nínú omi.

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá onítáyà ló rín jù wọ́n lọ. Ó rín títí tó fi jókòó sílẹ̀, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, ọwọ́ mi ṣófo, mo sì sọ òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ fún un láti ọjọ́ tí a ti pàdé.

“Ọ̀gá, mi ò gbá a rí láyé mi.”

Ó ní, “Mo rí i.” Ó nu ojú rẹ̀, ó dìde, ó mú ọ̀pá mìíràn. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀: ó ń gbọ̀n síbẹ̀. Ó yíjú sí àna rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ máa ń gbá a gbà?” Àna náà, tó ń fi ewé nu bàtà, nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí koríko ti gbòòrò. Ọ̀gá onítáyà fi ọ̀pá wọn afẹ́fẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbá a síbẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tó rẹwà. Ó kàn gúnlẹ̀ síbi tó yẹ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe gbá a dópin, àwọn ni wọ́n ṣe ìkejì láti ìsàlẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń mu omi dídùn lẹ́yìn ìdíje, mo gbọ́ tí àna náà ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Abèèrè kì í ṣìnà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkùnrin yìí bi mí léèrè ohunkóhun nìyí. Màá fi táyà àwọn ọkọ̀ mi tó ti gbó kọ́kọ́ dán an wò.” Kò gbé táyà ogún ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ti ọkọ̀ márùn-ún ló fún un, ọ̀gá mi sì gbà á bí ẹni gba oyè.

Èmi ò dúró mu nǹkan kan. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá jáde, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi, nígbà tí mo rí ìyá oníkoríko tó kúnlẹ̀ níbi adágún omi pẹ̀lú korobá iyẹ̀pẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ lo gbẹ́ kòtò yìí, àbí? Wá bá mi dí i.”

Mo kúnlẹ̀ tì í. A ń bu iyẹ̀pẹ̀, a ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó béèrè pé, “Nígbà tí o mú ọ̀pá yẹn, ẹ̀rù ò bà ọ́?”

“Kò bà mí rárá, ìyá.”

“Ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn,” ó wí, ó sì ti korobá sí ọ̀dọ̀ mi.

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Mo já ìwé kúrò lára ilẹ̀kùn lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì ta dígí fún aránṣọ tó wà nísàlẹ̀, ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi dígí ṣe. Àwọn tó ṣì ń ta ìgboyà pọ̀ nílùú, ọjà wọn ń yá ju tèmi lọ, mi ò sì bá wọn jà. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá onítáyà ṣì ń lọ sí pápá láàárọ̀, ó sì ń fi ìwọ pè mí báyìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ronú sí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí mo rí ni pé ìgboyà tó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ omi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ti ẹnu mi. Àárọ̀ púpọ̀ tó ti dá nìkan gbá a ló kó o jọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló sì mú kó má lọ mọ́.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Calavi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ kíláàsì, ogójì ọmọ ló tẹjú mọ́ mi. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì, mo fẹ́ kọ orúkọ mi sójú pátákó, ìlà àkọ́kọ́ sì wọ́ bí ejò. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kì í ṣe ìwọ̀sí: “Olùkọ́, ọwọ́ yín ń gbọ̀n.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Mo sì ń kọ ọ́ lọ.