Ìwádìí Wa ní Forfarshire

Nínú ẹbí wa, a kì í fọmọ fún ẹni tí a ò mọ ilé bàbá rẹ̀. Bí ọkùnrin bá ní òun ń fẹ́ ọmọ wa, a óò béèrè ìlú rẹ̀, a óò sì rán ẹnìkan lọ síbẹ̀ ní jẹ́jẹ́ láti lọ wádìí. Ṣé wọn kì í jalè? Àìsàn wo ló ń ṣe wọ́n? Wọ́n ṣe é fún èmi náà kí n tó délé ọkọ. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Scotland sọ pé òyìnbó ibẹ̀ kan fẹ́ fẹ́ òun, kò sẹ́ni tó bá a jà. A kàn ní kó sọ ibi tí ọkùnrin náà ti wá. Ó ní Angus lorúkọ àgbègbè wọn, pé etí òkun ni.

Ọmọ mi ọkùnrin tó bí i ti kú. Ọkọ mi náà ti lọ. Àbúrò ọkọ mi ló kù tó jẹ́ olórí ẹbí, bí òun ò bá sì fọwọ́ sí i, kò sí ìgbéyàwó, torí ọmọ náà ti sọ fún mi pé òun ò ní lọ sílé ọkọ láìgba àdúrà ilé.

Ìyá àgbà ọkùnrin náà ló tọ́ ọ dàgbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kí wa lórí fóònù, ìyá yẹn ní Forfarshire ni àwọn ti wá. Àbúrò ọkọ mi lọ pe ọmọ ará ìlú wa kan tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, ó ní kó bá òun wádìí Forfarshire. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi nílé mi ní Òkòtà, Èkó, láàárọ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ilé ìwé ló ṣì ń lọ nígbà tí mo délé wọn. "Ọmọ ní Angus, ìyá àgbà ní Forfarshire. Èwo ni ká gbọ́?"

"Ọkọ mi, bóyá ibì kan náà ni."

"Ibì kan náà báwo? Ẹni tí mo rán ní òun ò rí Forfarshire lára pátákó kankan lójú títì. Ẹni tó bá purọ́ ìlú rẹ̀, kí ni ò ní purọ́ rẹ̀?"

Ó pe ọmọ wa lórí fóònù níwájú mi, ó ní kó fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà rẹ̀ fẹnu ara wọn sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a gbé fóònù ti ike omi lórí tábìlì mi. Ìyá náà yọjú, ó wọ súwẹ́tà nínú ilé. Ọmọ wa jókòó tì í, ó ń túmọ̀. Ìyá náà ní láyé àtijọ́, Angus ni. Nígbà tó yá, wọ́n wá ń fi orúkọ ìlú Forfar pe gbogbo àgbègbè náà, ló bá di Forfarshire. Kí wọ́n tó bí òun ni ìjọba ti dá Angus padà. Ṣùgbọ́n ọmọ Forfar ni bàbá òun, kò gbà. Forfarshire ló ń wí títí ó fi kú.

Ọkùnrin náà yọ orí sí i, ó ní ìyá àgbà òun nìkan ló kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ní, "Ta ló bi ọ́?"

"Ìjọba yí i padà, wọn ò gbà," àbúrò ọkọ mi ní. Ó mi orí.

Mo ní, "Ọkọ mi, Ailegun lẹ ń gbé, abẹ́ Ejigbo ló sì wà báyìí. Ẹ ti sọ Ejigbo fún èèyàn rí? Ìsọlọ̀ lẹ máa ń wí."

"Abẹ́ Ìsọlọ̀ ló wà nígbà tí mo ra ilẹ̀!"

"Bí ìyá yẹn náà ṣe wí nìyẹn."

Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ló béèrè èyí tó kù, ti àìsàn àti ti olè. Ìyá náà ò fi nǹkan kan bò. Ọtí ló pa ọkọ òun. Àbúrò òun kan lọ sókun, kò padà. Olè kankan ò sí níbẹ̀ tí òun mọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ó kan òun láti béèrè: kí ló pa bàbá ọmọbìnrin yìí?

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, ó sì yà wá lẹ́nu. Àìsàn ráńpẹ́ la máa ń sọ fún èèyàn. Ọmọ náà túmọ̀ ìbéèrè náà tán, ó wolẹ̀. Mo wo àbúrò ọkọ mi.

"Sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ni," ó ní. "Òun ló pa bàbá rẹ. Òun ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà ń lo oògùn rẹ̀."

N ò mọ̀ pé ó ń lo oògùn. Ọmọ náà ò mọ̀. Ó sọ ọ́ lédè wọn.

Ìyá náà gbọ́ ọ tán. Ó bi í bóyá ó máa ń jẹun lásìkò. Àbúrò ọkọ mi ní òun ń gbìyànjú. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló wá béèrè oṣù tí wọ́n fẹ́ fi ìgbéyàwó sí.