Ọjọ́ Tí Gìtá Bàbá Mi Kí Wa

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí bàbá mi kan gìtá oníná wọn parí nílé wa ní Ifákò. Pákó bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn tó ti dolóògbé ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe ki wáyà rẹ̀ bọ sípíkà, ohùn ìyá àgbàlagbà kan jáde: “Ẹ kúulé o!”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Màámi, ẹ má bínú nítorí bẹ́ẹ̀dì yín!”

Èmi náà kúnlẹ̀. Ni ohùn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọṣẹ. Orí mi dàrú.

Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ní wáyà inú gìtá ló ń fa ohùn ilé iṣẹ́ rédíò wọlé, ó sì tún un ṣe. Síbẹ̀, láràárọ̀, bàbá mi á kí gìtá náà: “Ẹ káàárọ̀ mà.” Wọ́n á dúró díẹ̀ de èsì. Èmi náà á dúró.